Ṣé ìràwọ̀ tó pọ́n ló gbóná jù? Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń to ìràwọ̀ sí ìsọ̀rí

Àhesọ: Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìràwọ̀ tó bá pọ́n ló gbóná jù. Àwọn kan tún ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé tí ẹ bá sanwó, àwọn á fi orúkọ yín pe ìràwọ̀ kan, ẹ ó sì gba ìwé ẹ̀rí.

Àbájáde ìwádìí: Irọ́ ni èkíní. Èkejì lè ṣi yín lọ́nà.

Àlàyé: Bí ẹ bá wà ní Tema ní àárín oṣù January, ẹ wo òkè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmà. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra. Ní apá òkun wọn ni Rigel wà, tó ń tàn bíi búlúù. Ní apá àríwá ni Betelgeuse, tó pọ́n. Ooru ojú Betelgeuse kò pé 3,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti oòrùn wa tó 5,500. Ti Rigel ju 11,000 lọ.

Ẹ rántí irin alágbẹ̀dẹ: ó máa ń kọ́kọ́ pọ́n, bí ooru bá sì ń pọ̀ sí i, á máa funfun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìràwọ̀.

Lẹ́tà méje ni àwọn onímọ̀ fi ń to ọ̀pọ̀ ìràwọ̀: O, B, A, F, G, K, M. O ló gbóná jù, M ló tutù jù. Annie Jump Cannon ti Harvard ló tò wọ́n báyìí ní 1901, lẹ́yìn tó wo àwọn ìlà dúdú inú ìmọ́lẹ̀ wọn. Rigel jẹ́ B, oòrùn jẹ́ G, Betelgeuse jẹ́ M. Ìdí tí Betelgeuse fi ń tàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó tóbi gan-an, kì í ṣe pé ó gbóná.

Ní ti orúkọ, àjọ International Astronomical Union ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó láṣẹ láti sọ ìràwọ̀ lórúkọ, kì í sì í tà á. Ní 2019, ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú orúkọ wá. Ghana sọ WASP-15, tó wà ní ìsọ̀rí F, ní Nyamien; Nàìjíríà sọ HD 43197 ní Amadioha. Wọn kò fi owó ra orúkọ náà.

Àkótán: Ìràwọ̀ búlúù ló gbóná ju èyí tó pọ́n lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta orúkọ ìràwọ̀ fún yín, ìwé lásán ni ẹ ń rà. Ẹ fi owó yín sápò.