Ẹ̀rọ Ìkégbàjarè fún Òṣìṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́: Iṣẹ́ Rẹ̀, Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ àti Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí ń retí lọ́dọ̀ olùkọ́ ni pé kí ọmọ tí ó fà lé e lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ padà wálé ní àlàáfíà. Lórí èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù dúró, ìbáà ṣe gírámà, ìbáà ṣe lítíréṣọ̀. Láti ọdún 2019 ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe òfin lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ké sí ọlọ́pàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ewu bá dé. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn náà ni a óò wo orúkọ tí ó yẹ kí á máa pè é, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ náà bá délé wa, olùkọ́ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bi.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbọn wọ Marjory Stoneman Douglas High School ní ìlú Parkland, ìpínlẹ̀ Florida. Akẹ́kọ̀ọ́ 14 àti òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ 3 ni ó pa. Ìwádìí tí ìpínlẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn náà tú àṣírí ohun mẹ́ta. Èkíní, ìbọn yíyìn náà mú kí agogo iná dún. Àwọn kan tí wọ́n gbọ́ ọ rò pé ilé ń jó, wọ́n sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an níbi tí apànìyàn wà. Èkejì, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kí ẹnikẹ́ni tó kéde pé kí gbogbo ènìyàn fara pamọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn tí wọ́n fi fóònù alágbèéká pe ọlọ́pàá kò bá àwọn tí ń ṣọ́ Parkland sọ̀rọ̀ tààrà. Ìlú tí ó wà nítòsí, Coral Springs, ni ìpè wọn kọ́kọ́ já sí.

Alyssa Alhadeff, ọmọ ọdún 14, wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í polongo pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun tí yóò so olùkọ́ mọ́ ọlọ́pàá láìsí alágbàsọ. New Jersey ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ní 2019, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà pe òfin ọ̀hún. Florida tẹ̀lé e ní 2020, New York ní 2022, Texas ní 2023. Òfin wọn kò rí bákan náà. Ti Texas pa á láṣẹ pé kí ẹ̀rọ wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí New York ṣe ní 2022 ní kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò ààbò.

3. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni bọ́tìnnì tí a kàn mọ́ abẹ́ tábìlì tàbí ara ògiri. Èkejì ni èyí tí a fi sínú fóònù alágbèéká. Ẹ̀kẹta ni báàjì tí òṣìṣẹ́ ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kẹta yìí ṣe àpẹẹrẹ. Nínú irú èyí tí ilé-iṣẹ́ CENTEGIX ń ṣe, bí olùkọ́ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ tí a yàn fún ìrànlọ́wọ́ nínú ọgbà ni yóò gbọ́: bóyá gìrì gbé ọmọ, bóyá àwọn ọmọ ń jà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ké sí. Iná yóò máa ṣẹ́jú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbohùngbohùn yóò sọ̀rọ̀, ìkìlọ̀ yóò gba ojú kọ̀ǹpútà gbogbo, ìròyìn yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àwòrán ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò fi yàrá tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ wà hàn.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a óò rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ̀rọ yìí ń gbé: kí ni ó ṣẹlẹ̀, níbo ni, ta ni kí ó wá? Agogo iná ti Parkland kò dáhùn èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ìlù tí onílù ń lù fún ọba tí ó ń jáde kò lè jẹ́ ìlù ogun, ẹni tí ó bá sì gbọ́ èdè ìlù kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Àrokò pẹ̀lú kò ní ìtumọ̀ àyàfi bí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí bá jọ mọ̀ ọ́n.

4. Ohun tí ìrírí kọ́ wọn

Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, apànìyàn kan wọ Robb Elementary School ní Uvalde, ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ni ó kú. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ètò ìkéde tí ó ń gba orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, wọ́n sì lò ó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ olùwádìí ilé aṣòfin Texas rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò dára, àti pé kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ìkìlọ̀ ti pọ̀ jù ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbàkúùgbà tí ọlọ́pàá bá ń lé ọkọ̀ àwọn tí ó gba ẹ̀yìn wọ̀lú ni ìkìlọ̀ ń dún, etí àwọn ènìyàn sì ti di sí i. Àwọn agbófinró tí wọ́n dé ibẹ̀ tó 376, síbẹ̀ ó ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó wọ yàrá tí apànìyàn wà. Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí tí ó kù fún ènìyàn láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ Apalachee High School ní Winder, ìpínlẹ̀ Georgia, yàtọ̀ díẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni báàjì ti dé ọrùn àwọn olùkọ́ ibẹ̀ nígbà tí ìbọn dún ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024. Àwọn olùkọ́ tẹ̀ ẹ́, ìròyìn dé ọ̀dọ̀ agbófinró, wọ́n sì mú afurasí náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 2 àti olùkọ́ 2 ti bá a lọ. Báàjì kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gé àkókò tí apànìyàn ní kúrú.

5. Ọ̀rọ̀ náà nílé wa

Ewu tiwa gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní òru ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, ilé ìbùsùn ni wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ojú ọ̀nà ni àwọn ajínigbé ti dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan dúró ní agbègbè Emùré-Èkìtì, tí wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Báàjì tí agbára rẹ̀ kò kọjá ògiri ọgbà kò lè ran ẹni tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni igbe tí kò ní olùgbọ́ kò wúlò: bí ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jù kò bá ní ọkọ̀, títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kò ní gbé e dé.

Kí a tó ra ẹ̀rọ, ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí a kà sílẹ̀ lókè. Ǹjẹ́ agogo tí a ń lù fún oúnjẹ yàtọ̀ sí èyí tí a ó lù fún ewu? Ǹjẹ́ ọmọ tí ó kéré jù mọ ibi tí yóò sá sí? Ta ni olùkọ́ yóò pè, ta ni yóò sì wá? Owó kékeré ni ìdáhùn ìwọ̀nyí ń gbà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

6. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́

Láti ìgbà tí iṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 ni a ti mọ̀ pé orúkọ tí ó bá iṣẹ́ nǹkan mu ni ó ń pẹ́ lẹ́nu. Àwọn kan lè pe ẹ̀rọ yìí ní ‘ẹ̀rọ ìtanilólobó’. Ṣùgbọ́n kí ewu tó dé ni a ń ta ènìyàn lólobó. Ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ewu ti wọlé. ‘Ẹ̀rọ ìdágìrì’ gbé ọ̀rọ̀ ka orí ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ìfarabalẹ̀ ni a fẹ́ kí olùkọ́ fi tẹ̀ ẹ́. ‘Agogo’ kò bá a mu, nítorí pé báàjì fúnra rẹ̀ kì í dún. ‘Ẹ̀rọ ìkégbàjarè’ ni a fara mọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’ ni a fi kún àpólà-ìṣe ‘ké gbàjarè’, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ‘gbàjarè’ tí kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń wá olùrànlọ́wọ́.

Fún àṣẹ pé kí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn kí ó sì dákẹ́, ‘ìsémọ́lé’ ti di orúkọ ohun tí a rí ní 2020 nígbà àrùn kòrónà. ‘Ìtìlẹ̀kùn-mọ́rí’ yóò dára jù. Ẹ̀yin olùyẹ̀wò, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ‘báàjì’ nínú àròkọ rẹ̀, ẹ má ṣe fi gégé pupa fà á. Ọ̀rọ̀-àyálò tí a ti sọ di ti Yorùbá ni.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé iṣẹ́ ìròyìn ni ẹ̀rọ ìkégbàjarè ń ṣe. Ó wúlò níbi tí ìròyìn náà bá ti yé ẹni tí ó gbọ́ ọ, tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò, tí òun náà sì dìde. Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ tí ó ń bọ̀, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ka iwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín.