Ta Ló Ń Sanwó fún Àwọn Tó Ní Kí Ìjọba Yọ Owó Ìrànwọ́ Epo?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà: àwọn tó ti ń pariwo tipẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́, owó ta ni wọ́n ń ná?

Ìbéèrè náà tọ́. Lítà epo tí kò tó igba náírà di 488 náírà sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ gba Akùngbá lọ sí Ọ̀kà mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Owó náà kì í ṣe àwámárìídìí. Ní Geneva, àjọ IISD dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lọ́dún 2005 láti máa ṣèwádìí owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba ń ná. Ìjọba Sweden, Denmark àti Norway wà lára àwọn tó ti ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ aláàánú KR Foundation ti Denmark. Nílé níbí, BudgIT ti ń túmọ̀ ètò ìṣúná fún ará ìlú láti ọdún 2011, MacArthur Foundation ti Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó fún un lówó.

Ṣé irọ́ ni wọ́n wá pa? Rárá. Iye lítà téèyàn bá rà ni ìrànwọ́ náà ń tẹ̀lé, nítorí náà ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́ jù. Ìwádìí IMF ní ogún orílẹ̀-èdè fi hàn pé ìdá kan nínú márùn-ún tó lówó jù ń gba ìlọ́po mẹ́fà ohun tó ń kan ìdá kan nínú márùn-ún tó tálákà jù. Nàìjíríà ya 3.36 tírílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ fún un fún oṣù mẹ́fà péré lọ́dún 2023. Ẹ kò sì gbàgbé ìwádìí ilé aṣòfin lọ́dún 2012 lórí àwọn tó gbowó epo tí wọn kò kó wọlé. Alága ìgbìmọ̀ náà, Farouk Lawan, fúnra rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ jù sẹ́wọ̀n lọ́dún 2021 nítorí owó ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ńlá!

Gbígba owó ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwa tá a kẹ́kọ̀ọ́ nílé kéwú mọ̀ pé sàdákà àwọn èèyàn ló bọ́ wa. Owó tí wọ́n bá fi orúkọ olówó rẹ̀ pamọ́ ló yẹ ká fura sí.

Ohun tó ń dùn wá ni pé apá kan ìmọ̀ràn náà nìkan ni ìjọba yára gbọ́. Lọ́dún 2005, nígbà tí Indonesia fi owó kún epo, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó fún àwọn ìdílé tálákà tó lé ní mílíọ̀nù 15. Ní tiwa, oṣù karùn-ún ni owó ìrànwọ́ lọ, oṣù kẹwàá ni ètò 25,000 náírà fún ìdílé mílíọ̀nù 15 tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù nìyí, kò sì dìgbà tí òyìnbó bá fi owó ránṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó wà ní Ìkàrẹ́, ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Ọ̀kà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè, kò pọn dandan kó sọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni ọ́fíìsì ní láti fèsì. Jamáà tó ń dáwó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè dá owó ọkọ̀ ọ̀dọ́ méjì. Kí wọ́n béèrè iye tó wọlé lóṣooṣù láti oṣù kẹfà ọdún 2023, àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí wọ́n gba ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì náà.