Bí Java Ṣe Ń Wo Inú Kíláàsì

Gson, irinṣẹ́ Google tó ń sọ dátà Java di JSON, kò rí kíláàsì tí o kọ lánàá rí. Síbẹ̀, gbé e fún un: yóò to orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, títí kan èyí tí o fi private bò. Ta ló sọ fún un?

Fáìlì .class ni. Bí kọ̀ǹpáílà ṣe ń yí kóòdù padà, kì í da orúkọ àwọn field nù. Orúkọ wọn, irú dátà tí wọ́n ń gbà, àmì private tàbí static wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú fáìlì náà. Tí JVM bá wá gbé kíláàsì sínú mẹ́mọ́rì, ó máa ń dá object kan tó ń jẹ́ Class sílẹ̀ fún un. Òun là ń bi léèrè, nípasẹ̀ java.lang.reflect tó wọlé pẹ̀lú JDK 1.1 ní 1997.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú rèé: getFields() kì í kó ju èyí tó jẹ́ public lọ, àmọ́ ó ń kó ti ogún, ìyẹn èyí tí kíláàsì náà jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, mọ́ ọn. getDeclaredFields() ń kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú kíláàsì náà gan-an, private pẹ̀lú, kò sì ní fọwọ́ kan ti ogún. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì yóò máa fi getSuperclass() gòkè lọ sọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan.

Rírí orúkọ kò tíì di rírí ohun tó wà nínú rẹ̀. Pe get() lórí field private, IllegalAccessException ni wàá bá pàdé, àfi tí o bá kọ́kọ́ pe setAccessible(true). Lójú tèmi, aṣọ ìkélé lásán ni private. Ìgbà tí module, ètò tó ń pinnu apá kóòdù tí ará ìta lè wọ̀, dé pẹ̀lú Java 9 ní 2017 ni ilẹ̀kùn gidi dé. Láti Java 16, ní 2021, ẹni tó bá fẹ́ fipá wọ inú String, kíláàsì Java fúnra rẹ̀, yóò gba InaccessibleObjectException, àfi tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ fún un.

Orúkọ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, kọ̀ǹpáílà kò sì lè bá ọ ṣọ́ orúkọ field tí o kọ bí ọ̀rọ̀ lásán. Lórí Android, bí ProGuard, irinṣẹ́ tó ń gé orúkọ inú kóòdù kúrú, bá sọ orúkọ field di a tàbí b, a àti b náà ni Gson yóò kọ sínú JSON. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ @SerializedName mọ́ field kọ̀ọ̀kan.