Èékánná Lábẹ́ Eyín: Kí Ni Hypnosis Lè Ṣe fún Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń fi eyín gé èékánná sí. Wọ́n á ní bí ó bá dàgbà, yóò fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ a máa fi í sílẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n a ń rí àwọn géńdé àti ìyàwó ilé tí ìka wọn kò tíì kúrò lẹ́nu. Nígbà tí ìbáwí, ata àti ẹgba kò bá ràn án mọ́, àwọn òbí mìíràn a gbọ́ pé ìtọ́jú kan wà tí a ń pè ní hypnosis, wọn a sì máa bèèrè bóyá ó tọ́ sí Mùsùlùmí. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Abẹ́ èékánná ni ẹyin aràn máa ń fara pamọ́ sí, ẹnu ni ó sì ń gbà wọ inú. Etí èékánná tí eyín ti ya a máa wú, a sì máa gba ọyún. Ní ìlú Port Harcourt, láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn aráàlú ti figbe ta pé èérí dúdú tí èéfín ń gbé kiri ń bà lé aṣọ, abọ́ àti ilẹ̀ ilé. Iná àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́ wà lára ohun tí ó fà á. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan irin fèrèsé, tí ó sì fi ìka sẹ́nu, èérí náà ni ó ń jẹ.

Ní ti ẹ̀sìn, gígé èékánná wà lára nǹkan márùn-ún tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kà mọ́ ìwà àdámọ́ ọmọ ènìyàn. Hádíìsì tí Anas ọmọ Mālik gbà wá sì fi yé wa pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá ogójì òru. Bákan náà, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn gbà pé ohun tí aláàwẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé mì, bí kò tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ, ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá sọ èékánná di ìpápánu ń fi ààwẹ̀ rẹ̀ wewu ní ọ̀sán Ramadan.

Kí wá ni ó ń fà á? Ìbẹ̀rù ìdánwò, ìdààmú ọkàn, ìdúró pẹ́ láìrí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Ìka a ti dé ẹnu kí ọmọ tó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń na ọmọ lórí rẹ̀ ń fi ìbẹ̀rù kún ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà ni yóò sì tún gbé ìka padà sẹ́nu.

Bí a bá dárúkọ hypnosis, gbétugbétu ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa: kí ẹnìkan sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì máa ṣe bí ó ti wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọdún 1784, ọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ kan, tí Benjamin Franklin wà nínú rẹ̀, láti yẹ iṣẹ́ dókítà Franz Mesmer wò, nítorí Mesmer sọ pé agbára àìrí kan ń wọ ara aláìsàn. Ìgbìmọ̀ náà kò rí agbára kankan. Èrò ọkàn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1843, James Braid, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tí ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, kọ ìwé tí ó sọ orúkọ tí a ń pè é lónìí di mímọ̀.

Oníṣègùn yóò ní kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì fọkàn sí ohùn òun. Nígbà tí ara bá ti rọ̀, yóò máa rán an létí pé nígbàkúùgbà tí ọwọ́ bá ń lọ sẹ́nu, yóò fura, yóò sì dá a padà. Kì í ṣe oorun. Ẹni náà ń gbọ́, ó sì lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a ti ṣe lórí rẹ̀ nípa èékánná kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fatwa ti Saudi Arabia kà á mọ́ iṣẹ́ awoṣẹ́ tí ń lo àlùjànnú, wọ́n sì ní èèwọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní bí kò bá ti sí ọfọ̀ tàbí ìpè àlùjànnú nínú rẹ̀, ìtọ́jú bí ìtọ́jú mìíràn ni.

Níwọ̀n bí iyèméjì ti wà, ọ̀nà tí kò ní iyèméjì nínú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ̀. Ní ọdún 1973, Nathan Azrin àti R. Gregory Nunn ní Amẹ́ríkà tẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára ju ti hypnosis lọ. Èkíní, kí ọmọ mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ ń lọ sẹ́nu: ṣé nídìí iṣẹ́ àmúrelé ni, àbí nídìí tẹlifíṣọ̀n? Èkejì, kí ó fún ọwọ́ náà ní iṣẹ́ mìíràn: kí ó di ìkúùkù fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, tàbí kí ó di nǹkan mú. Ẹ̀kẹta, kí ará ilé yìn ín bí ó bá ṣe é, kí wọ́n má sì fi ṣẹ̀sín bí ó bá gbàgbé. Ẹni tí ó bá ń ka tẹ̀súbáà lórí oríkèé ìka rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ríṣẹ́ ṣe kì í wá ẹnu lọ. Kí a sì máa gé èékánná ọmọ kúrú lọ́jọ́ Jímọ̀, kí eyín má rí èyí tí yóò mú.

Bí ìka bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọmọ kò lè sùn nítorí àníyàn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà ní Rumuigbo, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt sì wà ní Alakahia. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ọmọ di wèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ń fi hypnosis wo ènìyàn, ẹ bèèrè ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ jókòó ti ọmọ yín nígbà tí ó bá ń ṣe é. Bí ó bá mẹ́nu kan ìràwọ̀, orúkọ ìyá tàbí ohun ìrúbọ, ẹ dìde kí ẹ máa bọ̀ nílé.

Kí Ọlọ́hun fi sùúrù jíǹkí wa lórí àwọn ọmọ tí Ó fi ṣe àmánà sí wa lọ́wọ́. Àmín.