Oògùn olóró: Èrè ẹni díẹ̀, gbèsè gbogbo ọjà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe yìí ló bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi oògùn olóró ṣòwò mu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ya wọ ilé kan ní Ìkòròdú, nípìnlẹ̀ Èkó, wọ́n sì bá kokéènì tó wọn tọ́ọ̀nù 1.8 níbẹ̀. Àjọ náà ní owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 278 dọ́là, èyí tó lé ní bílíọ̀nù 190 náírà nígbà náà. Títí di ìgbà yẹn, wọn kò tíì gba kokéènì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí ìjọba ti dá NDLEA sílẹ̀ lọ́dún 1989.

Àárín ilé táwọn èèyàn ń gbé ni wọ́n kó ẹrù yìí pamọ́ sí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í san owó orí, kì í gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ gidi, bẹ́ẹ̀ ni báńkì kì í rí i láti fi yá oníṣòwò. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù tó ń tìdí rẹ̀ yọ, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, bẹ́ẹ̀ oníléeṣẹ́, awakọ̀, olóògùn tó ń ṣe òótọ́ àti eléré ìdárayá ló ń san án.

Ọwọ́ tó yẹ kó ṣiṣẹ́

Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ètò ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tó wà láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún lèyí jẹ́, wọn kò sì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ní ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, tí í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ó lé ní ìdá 22. Ní Èkó nìkan, ó tó ìdá 33, ìyẹn ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta.

Igbó ló ṣáájú, mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló mu ún. Mílíọ̀nù 4.6 ló lo àwọn oògùn ìrora bíi tramadọ́ọ̀lù àti oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ ọdún 25 sí 39 ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lo oògùn olóró. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan okòwò gan-an nìyẹn, nítorí ọjọ́ orí yìí ni agbára iṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bẹ̀rẹ̀ nítorí fàájì. Awakọ̀ tó fẹ́ wakọ̀ mọ́jú, ọlọ́kadà tó fẹ́ pé owó ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, alágbàṣe tó ń ru bíríkì nínú oòrùn, wọ́n á ní àwọn gbé tramadọ́ọ̀lù mì kó má baà rẹ àwọn. Òótọ́ ni pé oògùn náà ń pa ìrora. Ṣùgbọ́n ó ń fa òòyì àti oorun, bó bá sì pọ̀ lára, ó lè fa gìrì. Ẹni tí òòyì ń kọ́ lórí ọkọ̀ elérò tàbí nídìí ẹ̀rọ, kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ewu.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níléeṣẹ́, ọ̀gá ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe, òun ni yóò tọ́jú ẹni tó farapa, òun náà ni yóò sì dá oníbàárà tí ọjà rẹ̀ kò pé lóhùn. Bó bá lé òṣìṣẹ́ náà lọ, yóò tún náwó láti kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́. Láti ilé ẹni tí wọ́n lé ni ìyà tó kù yóò ti bẹ̀rẹ̀: owó iléèwé ọmọ, owó ilé, owó àjọ tí kò lè dá mọ́.

Ìyà tó ń jẹ olóògùn òdodo

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2018, BBC gbé ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn kan ṣe ń ta oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe é tàbí kó o wọ Nàìjíríà mọ́. Àjọ NAFDAC sì ti iléeṣẹ́ apoògùn mẹ́ta pa fúngbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan, ni òmíràn ń ṣí. NAFDAC kò fọwọ́ sí tramadọ́ọ̀lù tó bá ju mílígíráàmù 100 lọ, síbẹ̀ èyí tí àwọn onífàyàwọ́ ń kó wọlé máa ń tó 200, 225 tàbí 250. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, BBC tún fi hàn pé iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po tapentadol àti carisoprodol pọ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Íńdíà fòfin de àpòpọ̀ náà.

Oṣù yẹn kan náà ni NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, láti tú wọn wò. Oògùn ayédèrú, èyí tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ àti èyí tí òfin kọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n kó níbẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó jẹ gbì ló ń kú gbì, ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí kò jẹ gbì náà ń bá wọn kú gbì. Oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, tó fi owó tó yá ra ọjà, kò rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí. Èlé kò dúró dè é, ọjọ́ tó wà lára páálí oògùn rẹ̀ náà kò dúró. Ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn kéékèèké tó ń ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà ní láti wá ibòmíràn lọ, aláìsàn ló sì ń san àfikún owó.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń fẹ́ kí irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ kó lọ sí ibùdó kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè máa ṣọ́ wọn. Kano ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2024.

Wúrà tó pẹ́ kó tó dé

Nínú eré ìdárayá, Nàìjíríà mọ ìyà ẹni tí wọ́n fi oògùn rẹ́ jẹ. Ní Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000, ikọ̀ ọkùnrin wa gba fàdákà nínú eré 4x400 mítà, Amẹ́ríkà gba wúrà. Lọ́dún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni wọ́n tó fún Nàìjíríà. Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sáré náà, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Owó ìpolówó ọjà àti ìkésíni sí ìdíje tó máa ń tẹ̀lé wúrà, kò sẹ́ni tó lè dá a padà lẹ́yìn ọdún 12.

Ọ̀rọ̀ ti Blessing Okagbare gba ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gba fàdákà lọ́wọ́ Tatyana Lebedeva ti Rọ́ṣíà lọ́dún 2017 nítorí oògùn, òun ni wọ́n gbé e fún, nítorí òun ló ṣe ìkẹta nínú fífò gígùn ní Beijing lọ́dún 2008. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, àyẹ̀wò gbé òun náà, wọ́n yọ ọ́ ní Tokyo, lọ́dún 2022, wọ́n fòfin dè é fún ọdún 10, èyí tó di 11 lọ́dún kan náà. Eric Lira, ará Amẹ́ríkà tó kó oògùn fún àwọn eléré ìdárayá ṣáájú Tokyo, gbà pé òun jẹ̀bi lọ́dún 2023. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi rán an lẹ́wọ̀n. Ẹni tó lò ó gba ọdún 11, ẹni tó kó o wá gba oṣù mẹ́ta.

Ní Tokyo yẹn kan náà, eléré ìdárayá Nàìjíríà mẹ́wàá kò láǹfààní láti díje, kì í ṣe nítorí pé wọ́n lo nǹkan kan, bí kò ṣe pé iye àyẹ̀wò tí òfin béèrè kò pé lórí wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 sì ni àjọ WADA, tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, ti fi tramadọ́ọ̀lù sára ohun tí eléré kò gbọdọ̀ lò lásìkò ìdíje.

Ìtọ́jú sàn ju lílé lọ

Ìwádìí ọdún 2019 yẹn sọ pé owó ìtọ́jú wà lára ohun tó ń dí àwọn tí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́ láti gba ìrànwọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró l'Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún irú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun kò ní jẹ́wọ́ kó tó bàjẹ́ pátápátá. Oníléeṣẹ́ tó bá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ pé òun lè lọ gbàtọ́jú kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe àánú nìkan ló ṣe yẹn, ó dáàbò bo owó tó ti ná lórí ẹni náà. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tó bá ń fi etí sí ohun tí wọ́n ń tà ní gáréèjì rẹ̀ náà ń dáàbò bo ọkọ̀ àti èrò.

Ọwọ́ tẹ ẹrù Ìkòròdú. Èyí tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ń rà láàárọ̀, ni gbogbo ọjà ṣì ń san gbèsè rẹ̀.