Tọ́bò Tí Ó Bá Ẹ́ńjìnnì Mu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kan àwọn awakọ̀ wa, àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tú àpò fún wọn.

Tọ́bò ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri ní ọjà tòkunbọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Ẹ́ńjìnnì ńláńlá ti ọkọ̀ ojú omi àti ti réluwé ti ń lò ó kí General Motors ti Amẹ́ríkà tó fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà fún aráyé ní 1962. Èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí fáànù kan. Fáànù mìíràn wà lórí ọ̀pá kan náà, èyí ni ó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tí ó lè jó a pọ̀ sí i, agbára náà a sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n èwo ni kí a rà? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ra èyí tí ó tóbi jù ní ìsọ̀, ó ní bí ó bá ti tóbi tó ni ipá rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Èéfín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó yí i. Bí ọkọ̀ náà bá ń gun òkè, ńṣe ni ó ń fà bí ẹni tí ebi ń pa. Owó ilé ìwé ọmọ méjì ni ó bá a lọ.

Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe tọ́bò a máa tẹ àwòrán kan jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, compressor map ni wọ́n ń pè é. Kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń kọ ìwé ẹrù ní réluwé, nítorí a kì í di ẹrù láì wo ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ àwòrán náà ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ ìlọ́po mélòó ni tọ́bò fi fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀. Òrùka-òrùka kún inú rẹ̀ bí àlùbọ́sà tí a là. Òrùka àárín gan-an ni iṣẹ́ ti dára jù, tí afẹ́fẹ́ kì í gbóná jù. Ìlà kan wà ní òsì: bí a bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa ta padà, tọ́bò yóò máa gbọ̀n, bíárìn rẹ̀ kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ọ̀nà ti fún. Ooru nìkan ni à ń fi kún un.

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì lítà 2. Bí ó bá yípo ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3,000 ni ó ń fa afẹ́fẹ́, nítorí ìyípo méjì ni ó fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lítà 6,000 nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í kún tán, ẹ ka nǹkan bíi 5,400. Nítòsí òkun, ó wọ̀n tó kílò 6 àti ààbọ̀. Bí tọ́bò bá fún un pọ̀ ní ìlọ́po 2, tí rẹdíétọ̀ sì ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, ó di nǹkan bíi kílò 12. Ẹ wá 12 ní ìsàlẹ̀, ẹ gòkè dé 2, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ẹ tún un ṣe fún ìyípo 3,000, ìyẹn kílò 6. Bí àmì kejì bá bọ́ sí òsì ìlà, tọ́bò náà tóbi jù. Bí ti àkọ́kọ́ bá jáde kúrò nínú òrùka lápá ọ̀tún, ó kéré jù.

Ti wa níhìn-ín tún yàtọ̀. Jos fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì ju bíi 88 nínú 100 ti Èkó. Kí a tó rí ohun tí ìlọ́po 2 ń fún ará Èkó, a ní láti dé nǹkan bíi 2.3, àmì náà a sì tún sún sí ọ̀tún. Tọ́bò tí ó bá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín mu ní Èkó lè máa yí kọjá agbára rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ọmọ kọ́kọ́ mú nọ́ńbà tí ó wà lára tọ́bò náà wá, kí ó wá àwòrán rẹ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé lójú yín. Bí ẹni tí ń tà á bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ máa lọ sí ìsọ̀ mìíràn.