Bọ́ílà Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré, àti Bí A Ti Í Ṣe É Kí Ó Má Bàa Bú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti se iṣu nínú ìkòkò tí a dé mọ̀ pé bí omi bá ti ń hó, ọmọrí a bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a gbéra, a sì tún padà sílẹ̀. Oru omi ni ó ń gbé e. Bí a bá fi amọ̀ di etí ọmọrí náà, tí a sì gbé òkúta ńlá lé e lórí, kì yóò pẹ́ kí ìkòkò tó fọ́. Bọ́ílà ọkọ̀ ojú omi kò yàtọ̀ sí ìkòkò yìí, bí kò ṣe pé irin ni a fi ṣe é, a sì mọ̀ọ́mọ̀ dé e pa, kí oru lè ní agbára tó láti yí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí ń fi oru rìn ni ó gbé Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther gòkè odò Ọya ní ọdún 1841, àti lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1854. Lónìí, ẹ́ńjìnnì elépo ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oru, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí adágún Windermere, àti ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn ènìyàn ṣì ń wa ọkọ̀ kékeré olóru fún ìgbádùn, àwọn mìíràn a sì máa fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èrò àti awakọ̀ jókòó ti bọ́ílà pẹ́kípẹ́kí, kò sì sí ibi tí wọn lè sá sí bí kò ṣe inú omi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ni ó léwu níbẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé oru ni. Omi gbígbóná gan-an ni ọ̀tá. Nínú ìkòkò tí a kò dé, omi a máa hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í sì í gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí a koná mọ́ ọn tó. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ílà tí oru rẹ̀ ń ti irin pẹ̀lú agbára pọ́n-ùn 100 lórí gbogbo ínṣì kan níbùú lóòró, omi ní láti gbóná dé nǹkan bí 170 kí ó tó hó. Bí irin bá ya lójijì, omi yìí bá ara rẹ̀ ní gbangba, ó sì gbóná ju bí omi ti lè gbóná ní gbangba lọ. Kíá, ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ a di oru, oru náà a sì fẹ́ gba àyè tí ó tó ìlọ́po 1,600 ti omi tí ó ti jáde wá. Gálọ́ọ̀nù omi 10 péré lè tú oru tí ó ju gálọ́ọ̀nù 1,500 lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni ó ń gbé bọ́ílà fò kúrò nínú ọkọ̀, tí ó sì ń bó ènìyàn lára.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe bọ́ílà yóò rò ni bí omi inú rẹ̀ yóò ti kéré tó. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré. Èkínní ni àgbá irin tí ó dúró ṣánṣán: iná wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èéfín gbígbóná ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù kọjá sókè, omi sì yí páìpù wọ̀nyí ká. Èkejì jẹ́ ìdàkejì rẹ̀: omi ni ó wà nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, iná a sì máa jó yí wọn ká, páìpù náà sì so mọ́ àgbá kékeré kan lókè, níbi tí oru ti ń ya kúrò lára omi. Oríṣi kìn-ín-ní rọrùn láti mójútó, nítorí omi inú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè fà. Ṣùgbọ́n omi púpọ̀ náà ni ẹ̀tù inú ìbọn rẹ̀. Oríṣi kejì fúyẹ́, ó ń tètè hó, omi inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí páìpù kan bá ya, omi a dà sórí iná, iná a máa kú lọ, oru a sì gba ihò èéfín jáde. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi díẹ̀ náà lè tán kíákíá, ojú olùdáná kò sì gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọkọ̀ tí èrò jókòó ti bọ́ílà, èyí ni ó sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí ń kàn án. Kí ilẹ̀kùn ààrò rẹ̀ máa ṣí sínú, kí oru tí ó bá tú láti inú páìpù lè tì í pa, kí ó má bàa bó olùdáná lójú.

Lẹ́yìn èyí ni ti irin. Bí àgbá kan bá fẹ̀ ní ínṣì 10, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20, tí oru sì ń tì í pẹ̀lú pọ́n-ùn 100 tí a sọ lókè, agbára tí ó ń fẹ́ la àgbá náà sí méjì ní òòró jẹ́ pọ́n-ùn 20,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 9. Bí irin rẹ̀ bá nípọn tó ìdámẹ́rin ínṣì, gbogbo ínṣì irin kan níbùú lóòró yóò ru pọ́n-ùn 2,000. Irin bọ́ílà tí ó dára kì í já àfi bí ẹrù rẹ̀ bá ju 50,000 lọ, àwọn oníṣẹ́ kì í sì í fẹ́ kí ó ru ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé a fi irin ṣòfò níbẹ̀. Kì í ṣe òfò. Ìpáàrà yóò jẹ nínú rẹ̀, iná yóò sọ ọ́ di aláìlágbára díẹ̀, ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo le tó ara irin tìkára rẹ̀. Bí a bá sọ ìbú àgbá náà di ínṣì 30 láì fi kún nínípọn irin, ẹrù orí irin di ìlọ́po mẹ́ta, omi tí ó lè gbà sì di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Orí àti ìdí àgbá kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ohun tí ó tẹ́ a máa wú síta. Kí a ṣe wọ́n ní rìbìtì bí ìdí igbá, tàbí kí a fi ọ̀pá irin fà wọ́n mọ́ra láti inú.

Bí irin ti wù kí ó le tó, oru gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde. Fáàfù ààbò ni ọ̀nà náà: ọmọrí kékeré tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n kan, tí oru yóò sì gbé sókè nígbà tí agbára rẹ̀ bá ju ìwọ̀n náà lọ. Ní ọdún 1803, bọ́ílà kan tí Richard Trevithick, ará Cornwall, ṣe bú ní Greenwich lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ènìyàn 4. Ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì ti lọ pẹja, ó sì fi í sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ yìí rí i pé ẹ́ńjìnnì ń sáré jù, ó dá a dúró, ṣùgbọ́n kò yọ sípánà tí a fi há fáàfù mọ́lẹ̀. Iná ń jó, oru kò rí ibi lọ. Láti ìgbà náà ni Trevithick ti ń fi fáàfù méjì sára bọ́ílà rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni olùdáná lè yí padà; ó sì fi òjé dí ihò kan níbi tí iná ti ń jó, kí òjé náà lè yọ́ bí omi bá fà jù, kí oru sì pa iná.

Fáàfù méjì náà ni ó yẹ ọkọ̀ kékeré títí di òní. Kí ihò wọn tóbi tó láti tú gbogbo oru tí iná tí ó gbóná jù lè mú jáde, kí a má sì fi táàpù kankan sí àárín wọn àti bọ́ílà. Sípíríǹgì ni kí ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kì í ṣe òkúta tàbí irin tí a so rọ̀, nítorí ìgbì a máa mi ọkọ̀, irin tí a so rọ̀ a sì máa jó sókè sódò. Àwọn kan wà tí ariwo fáàfù ń bí nínú, tí wọn a sì máa dè é kí ó lè dákẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń fi bọ́ílà lé lọ́wọ́.

Bí omi bá fà tí irin kan tí iná ń jó sì hàn síta, irin náà yóò pọ́n bí ẹyín iná, agbára rẹ̀ yóò sì lọ. Gíláàsì ìwomi ni ó ń fi ìwọ̀n omi hàn. Kí táàpù kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi dán an wò, nítorí gíláàsì lè dí kí ó sì máa purọ́. Ọ̀nà méjì ni kí omi fi máa wọlé: pọ́ńpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí, àti pọ́ńpù ọwọ́. A tún lè lo ohun èlò tí Giffard, ará Faransé, ṣe ní 1858, èyí tí ń fi oru bọ́ílà fúnra rẹ̀ ti omi wọlé. Bí omi kò bá hàn nínú gíláàsì mọ́, tí táàpù ìsàlẹ̀ kò sì mú omi wá, ẹni tí ó bá fa omi tútù wọlé ní wákàtí náà ń fi ẹ̀mí ṣeré. Eérú tútù ni kí ó fi bo iná, kí ó sì dúró títí irin yóò fi tutù.

Ọkọ̀ ńlá tí a ń pè ní Sultana bú lórí odò Mississippi ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1865, ènìyàn tí ó kú sì ju 1,100 lọ. Ènìyàn 376 ni òfin gbà á láyè láti gbé, ṣùgbọ́n ó gbé ju 2,000 lọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, a ti fi irin tí ó fẹ́lẹ́ ju ti àtijọ́ lọ lẹ ara ọ̀kan nínú bọ́ílà rẹ̀, ẹrẹ̀ odò sì wà nínú omi tí ó ń lò.

Kí a tó dáná sí bọ́ílà titun fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó fi omi lásán kún un dé ẹnu láì fi afẹ́fẹ́ kankan sílẹ̀, a ó sì fi pọ́ńpù ọwọ́ tì í dé ìlọ́po kan àbọ̀ agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́, bíi 150 fún èyí tí yóò ṣiṣẹ́ ní 100. Bí ó bá ní àléébù, yóò kàn jò ni, nítorí omi tútù kì í wú bí oru. Ọdọọdún ni ó yẹ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nínú àti lóde. Omi ọ̀sà oníyọ̀ kò yẹ inú rẹ̀, nítorí iyọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irin, kì í sì í jẹ́ kí omi tù ú lára lọ́wọ́ iná. Omi odò pẹ̀lú ní ẹrẹ̀, nítorí náà kí táàpù kan wà ní ìsàlẹ̀ tí a ó máa ṣí láti tú ìdọ̀tí dànù. Ní ti fáàfù àti táàpù ara bọ́ílà, idẹ tí a fi bàbà àti tánganran pò ni kí a lò. Èyí tí a fi síńkì pò, síńkì inú rẹ̀ a máa jẹ dànù díẹ̀díẹ̀ nínú omi oníyọ̀, a sì ku bàbà oníhò wẹ́wẹ́ tí ojú lè rí bí ohun tí ó ṣì le, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ lè dá sí méjì.